Ọ̀gá Iná àti Àpótí Tí Kò Ní Ọ̀gá

Bí ẹ bá fẹ́ bí Ọ̀gá Iná nínú, ẹ má wulẹ̀ bú u. Ẹ kàn ṣe nǹkan tó dára láì kọ́kọ́ sọ fún un. Ìyẹn tó láti lé oorun lójú rẹ̀.

Kì í ṣe pé ó burú o. Ibi tó ti jẹun ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń hù títí irùngbọ̀n náà fi funfun, inú yàrá ńlá kan ló ti ṣiṣẹ́, yàrá tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo ìlú. Ògiri kan wà níwájú rẹ̀ tó kún fún gílóòbù wẹ́wẹ́, ọ̀kan fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Tẹlifóònù dúdú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá pè láti ibì kan pé iná àwọn ń ṣẹ́jú, á tẹ́tí, á mí kanlẹ̀, á sì ní kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan kan títí òun yóò fi sọ̀rọ̀. Wọ́n á dúró. Àdúgbò odindi á jókòó sínú òkùnkùn, wọ́n á máa retí ẹnu ọkùnrin kan tó ń mu tíì.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ilé iṣẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹnu àṣẹ bá a délé. Òun ló ń sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ wẹ̀ láàárọ̀ àti fèrèsé tí wọ́n máa ṣí. Á dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á ní kí wọ́n sọ iná abẹ́ ìkòkò kalẹ̀ díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, á dáhùn pé òun ti gbọ́. Bí bàbá bá ti kúrò, iná á wà níbi tó wà. Obìnrin náà kì í bá a jiyàn. Ó ní iyàn jíjà ń gba àsìkò, bẹ́ẹ̀ ni ọbẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Báyìí ni wọ́n wà tí sólà fi dé. Òpópónà mẹ́ta ló para pọ̀ gbé e kalẹ̀: tiwọn tó wà lórí òkè, Òpópónà Ilé-Ìwé tó tẹ̀ lé e, àti àwọn ará ìsàlẹ̀ odò. Òpópónà kọ̀ọ̀kan ní páńẹ́lì lórí òrùlé tirẹ̀ àti yàrá kékeré kan tí bátìrì tò sí. Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò tún fi kẹ̀kẹ́ irin kan sínú odò wọn, tí omi ń yí, tó ń mú iná wá. Wáyà so òpópónà kan mọ́ ìkejì, àpótí funfun kan sì wà lára ògiri yàrá bátìrì kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣẹ́jú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ọ̀dọ́mọbìnrin ẹnjiníà tó gbé àpótí náà kọ́ kó gbogbo ará òkè jọ, ó ṣàlàyé. Ó ní àpótí wọn yóò máa béèrè lọ́wọ́ àpótí Òpópónà Ilé-Ìwé pé èló ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn náà yóò máa béèrè lọ́wọ́ ti ìsàlẹ̀ odò. Èyí tó ní púpọ̀ yóò bù fún èyí tó ní díẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ní í mọ̀ ju ọ̀rọ̀ aládùúgbò rẹ̀ lọ, síbẹ̀ wọ́n á máa bi ara wọn léèrè títí ọwọ́ gbogbo wọn yóò fi dọ́gba.

Ọ̀gá Iná gbé ọwọ́ sókè. Ó béèrè ta ni ọ̀gá wọn.

"Wọn ò ní ọ̀gá, bàbá," ni ọmọbìnrin náà wí.

"Bí nǹkan bá wá dàrú, ta ni wọ́n máa pè?"

"Ara wọn ni wọ́n máa pè, sà."

Ọ̀gá Iná rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, òun sì nìyí lórí ìjókòó, àgbà tí ojú rẹ̀ ti rí òkun. Kí ni ó máa wá bẹ̀rù lára ọ̀sà? Ojú ẹsẹ̀ ló ní òun ni kí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ yàrá bátìrì. Kò sẹ́ni tó bá a du ú, nítorí iṣẹ́ ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ kò ju kó gbálẹ̀ yàrá, kó sì máa nu eruku orí páńẹ́lì. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ọkùnrin yìí ti gbé tábìlì wọ ibẹ̀, àti àga onítìmùtìmù, àti fèrè bíi ti réfírì. Kí ló fẹ́ fi fèrè ṣe? Òun náà kò tíì mọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Wàyí o, Ọ̀gá Iná ní àbúrò obìnrin kan, ọmọ ìyá kan náà, tó ń gbé ní ìkangun òpópónà wọn. Ọ̀gá Iná ló máa ń gbé e pọ̀n lọ sílé ìwé nígbà tí ẹsẹ̀ ọmọ náà kò tíì gbó ìrìn, nítorí náà bó ti wù kí ó le tó sí gbogbo ayé, ọ̀rọ̀ àbúrò yìí máa ń rọ̀ ọ́ bí ọ̀rá nínú oòrùn. Obìnrin náà ti gbìyànjú ọṣẹ ṣíṣe, ọṣẹ kò hó. Ó ti ṣí ilé ìtàwé, eku jẹ ìwé. Ó ti dé ibi pé bó bá ní òun fẹ́ dáwọ́ lé nǹkan, àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ á máa wo ojú ara wọn, wọ́n á béèrè pé èwo ló tún kù.

Èyí tó kù ni ẹ̀rọ tó ń bá adìyẹ sàba. Ó ra ọ̀kan, ó tó àpótí aṣọ kékeré, gílóòbù àti fáànù wà nínú rẹ̀. Olóko adìyẹ kan ti kó ẹyin fún un láti pa, ó sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé bí àwọn wọ̀nyí bá pa dáadáa, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni òun ó máa kó gbogbo ẹyin òun wá. Bí wọ́n bá sì kú sínú ìkarahun, kí ó gbàgbé òun. Ẹyin kò gbọdọ̀ tutù. Ìyẹn ni pé iná kò gbọdọ̀ lọ. Nígbà tó sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n lu àyà gbìì, ó ní níwọ̀n ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ yàrá bátìrì bá wà lápò òun, kí ó lọ fọkàn balẹ̀.

Ẹyin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pa lọ́sàn-án ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Oòrùn ń ràn ganrínganrín. Bátìrì kún dẹ́múdẹ́mú. Ọ̀gá Iná jókòó sórí àga onítìmùtìmù rẹ̀, ó gbójú sókè wo mítà, ó sì rí i pé ọwọ́ mítà náà ti yí sápá ibi tí wọ́n kọ "Jáde" sí. Iná òkè ń lọ sí Òpópónà Ilé-Ìwé. Ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, láì dágbére.

Ó dìde. Ó béèrè lọ́wọ́ àpótí pé ta ló pàṣẹ. Àpótí ṣẹ́jú. Ó pe onígbàjámọ̀ tó mú kọ́kọ́rọ́ Òpópónà Ilé-Ìwé lórí fóònù, ó ní kí ó ṣàlàyé ara rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ní orí ẹnìkan wà lọ́wọ́ òun, òun kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ń wọlé, ṣùgbọ́n bó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn dúpẹ́ o.

Ọpẹ́ yẹn gan-an ló ba nǹkan jẹ́. Kó jẹ́ pé onígbàjámọ̀ bẹ̀bẹ̀ ni, bóyá Ọ̀gá Iná ì bá dárí jì í. Ṣùgbọ́n iná ẹyin àbúrò òun ni ẹnìkan ń fi fá orí yìí, kò sì tilẹ̀ mọ̀! Ọ̀gá Iná yí súìṣì kékeré ara àpótí náà kúrò ní "Fúnra Rẹ̀," ó yí i sí "Ọwọ́." Lẹ́yìn náà ó di súìṣì ńlá tó so òpópónà méjèèjì pọ̀ mú, ó fà á wálẹ̀ gbàgà. Ọwọ́ mítà padà sí òdo. Ó jókòó, ó sì mí kanlẹ̀ bó ti máa ń ṣe ní ilé iṣẹ́.

Nígbà tó ń jẹun ló ròyìn rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Ìyá Ìbejì béèrè pé bí òjò bá wá dé ńkọ́. Ọ̀gá Iná béèrè pé òjò wo. Ó ní bátìrì kún.

Òjò náà dé bí ẹni pé wọ́n ránṣẹ́ pè é. Kì í ṣe òjò tó ń rọ̀ tó ń dá o. Ojú ọ̀run ṣú, ó dúró bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ mọ́ kò yàtọ̀. Páńẹ́lì orí òrùlé ń wẹ̀ lásán, wọn kò rí oòrùn jẹ. Bátìrì tó kún bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ìgbà yìí ni Ọ̀gá Iná wá mọ ohun tí fèrè wà fún.

Ó fi fèrè sẹ́nu, ó gbé agbòòrùn, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ó pàṣẹ pé kí télọ̀ má ṣe lọ aṣọ. Kí ẹni tó ń jó irin kó irin rẹ̀ sílé. Fìríìjì ilé apá ọ̀tún á ṣiṣẹ́ láàárọ̀, ti apá òsì á gbà á ní ọ̀sán. Ẹni tó bá fẹ́ wo tẹlifíṣọ̀n, kí ó wá béèrè. Gbogbo wọn ní àwọn ti gbọ́, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní Ọ̀gá ẹ ṣé. Bó bá ti kọjá ojúlé mẹ́ta, ayọ́ọ̀nù télọ̀ á tún gbóná lẹ́yìn kọ́tìnnì. Àánú rẹ̀ ń ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n aṣọ oníbàárà náà ń ṣe wọ́n láàánú.

Ní gbogbo ìgbà tó bá ń yípo, ojú fèrèsé àbúrò rẹ̀ ló máa ń parí rẹ̀ sí. Àbúrò ti kìlọ̀ fún un pé ẹyin ti dé ibi tí kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ṣí ẹ̀rọ náà mọ́ títí wọn yóò fi pa, kí ó jọ̀wọ́ máa wò ó láti ìta. Ó ń wò ó láti ìta. Ó ń rí aṣọ tí wọ́n dà bo ẹ̀rọ náà, ó ń rí ìmọ́lẹ̀ gílóòbù lábẹ́ rẹ̀. Bí àwọn ọmọdé bá ń pariwo níbẹ̀, á fọwọ́ bo ẹnu fún wọn, á ní ẹyin ń sùn.

Ohun tó ń dùn ún jù ni ìsàlẹ̀ odò. Bó bá dúró lórí òkè tó wo ìsàlẹ̀, iná ń tàn yòò níbẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Odò ti kún, kẹ̀kẹ́ irin ń yí bíi wèrè, òjò tó ń pa ará òkè lára ló ń bọ́ wọn. Òpópónà Ilé-Ìwé náà ń tàn. Ọ̀gá Iná ní apà ni gbogbo wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ó dé ojú fèrèsé, ó rí i pé ìmọ́lẹ̀ abẹ́ aṣọ náà ti pọ́n, ó ti di rẹ́súrẹ́sú bí ẹyin iná tó fẹ́ kú. Ọkàn rẹ̀ já. Ó sáré padà sí yàrá bátìrì, ó gbé fóònù, ó pe onígbàjámọ̀. Kò lè sọ pé òun tọrọ. Ẹnu rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó ní kí onígbàjámọ̀ múra sílẹ̀, pé bí òun bá kà á dé ẹ̀ta, kí ó gbé e sókè.

Onígbàjámọ̀ béèrè pé kí òun gbé kí ni sókè.

"Má bi mí léèrè. Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta!"

Kò sí nǹkan tó yí padà nínú mítà. Ó jọ pé onígbàjámọ̀ gbé nǹkan kan sókè lóòótọ́, nítorí Ọ̀gá Iná gbọ́ tí oníbàárà kan ń ké pé kí wọ́n sọ àga òun kalẹ̀. Wọ́n tún kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìgbà yìí fáànù ilé ìfárí ló yára sí i. Níkẹyìn onígbàjámọ̀ rọra rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń bá àna rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, iná pọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí, a ò tilẹ̀ mọ ohun tí a ó fi ṣe. Àpótí ti wa ò yéé kan ilẹ̀kùn yín. Ẹ̀yin lẹ tì í."

Ọ̀gá Iná gbé fóònù kalẹ̀. Ó wo súìṣì ńlá náà. Ojú tì í, ojú náà tì í gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́lòmíràn ní yàrá náà. Bó bá gbé súìṣì yìí sókè tí iná wọlé, ó parí nìyẹn. Gbogbo ayé á mọ̀ pé nǹkan kò fìgbà kan ní í ṣe pẹ̀lú òun, àfi eruku orí páńẹ́lì. Bí kò bá sì gbé e, àwọn ará ilé ọkọ àbúrò rẹ̀ á tún máa wo ojú ara wọn. Ó rántí bí àbúrò yìí ṣe máa ń sùn lẹ́yìn òun nígbà tó wà lọ́mọdé kí wọ́n tó dé ilé ìwé, tí itọ́ rẹ̀ á máa ṣàn sí òun lọ́rùn.

Ó gbé e sókè. Ó yí súìṣì kékeré padà sí "Fúnra Rẹ̀." Àpótí náà kò yára. Ó dúró díẹ̀, ó ń ṣẹ́jú, ó ń kí aládùúgbò rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́wọ́ bí àwọn tó ti pínyà tipẹ́, lẹ́yìn náà nǹkan kan dún kẹ́ nínú rẹ̀. Ọwọ́ mítà yí sápá "Wọlé." Iná yàrá náà mọ́ kedere. Ọ̀gá Iná fi fèrè sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì gba ilé àbúrò rẹ̀ lọ nínú òjò láì gbé agbòòrùn.

Kò bá ẹnikẹ́ni nílé. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Gílóòbù ti ń tàn dáadáa lábẹ́ aṣọ. Ó fa àpótí ìjókòó kan súnmọ́ ẹ̀rọ náà, ó jókòó, omi ń kán lára rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹyin sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má bínú sí mi. Kì í ṣe òjò ló fẹ́ pa yín. Èmi ni. Mo ní kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fún yín ní iná àfi èmi, èmi ò sì ní iná mọ́. Bí ẹ bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde. Nítorí ìyá yín ni. Kì í ṣe nítorí tèmi."

Ó gbọ́ ìmí lẹ́yìn rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló dúró sẹ́nu ọ̀nà, Ìyá Ìbejì sì wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú agbòòrùn. Àwọn méjèèjì kò rẹ́rìn-ín. Àbúrò wọlé, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó tutù rinrin, omijé lé ròrò sí i lójú. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́, ó sì ṣí aṣọ náà.

Páálí ni. Páálí bisikíìtì tó ṣófo, tí wọ́n kàn ki gílóòbù kan bọ̀ nínú.

Ọ̀gá Iná wo páálí. Páálí náà ń wò ó. Ó lóye rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Páálí ni òun ti ń ṣọ́ láti ọjọ́ wo? Nítorí páálí ni télọ̀ kò fi lọ aṣọ?

Àbúrò ṣàlàyé fún un. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ òjò, Ìyá Ìbejì ti wá sọ fún òun pé Ẹ̀gbọ́n ti fa súìṣì ńlá wálẹ̀. Òun sọ fún télọ̀. Télọ̀ mọ ìyàwó onígbàjámọ̀. Ìyàwó onígbàjámọ̀ ní àyè wà lẹ́yìn ilé ìfárí. Ẹni tó ń jó irin tí kò ríṣẹ́ ṣe ló bá wọn gbé ẹ̀rọ náà, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dì í tẹyin tẹyin, wọ́n sì gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ nígbà tí Ọ̀gá wà ní ìkangun kejì tó ń fọn fèrè.

"Kí wá ni ti gílóòbù?" ni Ọ̀gá Iná béèrè. Ohùn rẹ̀ ti kéré.

"Ẹ ń yọjú lójú fèrèsé ṣáá, Ẹ̀gbọ́n mi. Dókítà sì ti ní kí ọkàn yín má máa já. Bí ẹ bá rí òkùnkùn níbẹ̀ ńkọ́?"

Ó dùn ún, kò sì lè sọ pé kò dùn ún. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó ń wá ẹni tí yóò dá lẹ́bi.

"Ta ló pàṣẹ?"

Ìyá Ìbejì ló dáhùn. "Kò sẹ́ni tó pàṣẹ, Bàbá Ìbejì. A kàn bi ara wa léèrè ni."

Òjò ṣì ń rọ̀. Àbúrò rẹ̀ ní òun kàn wá mú aṣọ ìnuwọ́ ni, nítorí ẹyin ti ń fọ́ láti òwúrọ̀, ọmọ ń jáde lọ́wọ́ lọ́wọ́, ọwọ́ kò sì tó. Ọ̀gá Iná dìde. Ó tẹ̀ lé wọn sọ̀kalẹ̀ lọ sí Òpópónà Ilé-Ìwé, òun lẹ́yìn, àwọn obìnrin níwájú.

Ẹ̀yìn ilé ìfárí kún fọ́fọ́. Onígbàjámọ̀ wà níbẹ̀ tòun ti àbẹ lọ́wọ́, oníbàárà kan tí wọ́n fá orí rẹ̀ dé ìdajì wà níbẹ̀, télọ̀ náà wà níbẹ̀. Inú ẹ̀rọ gbóná, ó mọ́lẹ̀, àwọn ọmọ adìyẹ tútù ń ṣubú lé ara wọn, wọ́n ń ké ṣíoṣío. Olúkúlùkù ló ti rí nǹkan ṣe. Kò sẹ́ni tó dọ̀bálẹ̀. Kò tilẹ̀ sẹ́ni tó wẹ̀yìn nígbà tí Ọ̀gá Iná wọlé.

Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, omi ń kán létí fìlà rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó wí, "kí ni kí n ṣe?"

Àbúrò rẹ̀ kò gbójú sókè. Ó mú ọmọ adìyẹ kan tí kò tíì gbẹ jáde, ó gbé e lé e lọ́wọ́, ó ní kí ó fi ìnuwọ́ bò ó, kí ó má sì fún un mọ́lẹ̀ jù.